Ojú Lẹ́tà Kejì

Ojo ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé akọni kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí fóònù bá dún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, àyà mi á já. Bí ẹnì kan bá pe orúkọ mi láìkọ́kọ́ kí mi, ara mi á ti máa gbọ̀n kí n tó dáhùn. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹ̀rù ló bí mi, pé òun kàn gbà mí tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo wà láyé tí kì í bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì ni lẹ́tà. Lẹ́tà ni iṣẹ́ mi. Mo ń gé e, mo ń kùn ún, mo sì máa ń fi í yangàn. Nísinsìnyí, bí mo bá rí lẹ́tà ọwọ́ ara mi lórí ọkọ̀ ńlá tó ń kọjá, ojú mi ni mo máa ń gbé sápá ibòmíràn.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà létí títì ní Bè-Kpota, ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé yìí, láàárín ẹni tó ń ta irin àlòkù àti ẹni tó ń lẹ táyà. Ohun tí mò ń ṣe ni àwọn ará ibí ń pè ní pọṣuáà. N ó gé ihò sára nǹkan pẹlẹbẹ kan, ihò náà ni yóò rí bí lẹ́tà. N ó gbé e lé ara ọkọ̀, tàbí ògiri, tàbí àpótí, n ó ki fóòmù bọ inú ọ̀dà, n ó máa fi gbá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí mo bá ká a kúrò, lẹ́tà á dúró síbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Àwọn kan ń lo páálí, àwọn kan ń lo páànù. Fíìmù ni èmi ń lò, irú èyí tí wọ́n fi ń ya egungun ènìyàn ní ọsibítù, èyí tí àwọn aláìsàn bá gbàgbé tí wọn ò padà wá mú. Ó rọ̀, kì í mu ọ̀dà, abẹ sì ń lọ geere lórí rẹ̀. Kìkì pé bí mo bá gbé e sókè sí oòrùn, mo máa ń rí egungun ìhà ẹnì kan nínú rẹ̀. Mo ti gé A láàárín àyà ènìyàn rí. Ìyá mi ní kí n máa ṣe bisimilahi kí n tó fi abẹ kàn án, mo sì máa ń ṣe é.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á rò pé ọwọ́ tó gún nìkan ló gbà. Irọ́ ni. Lẹ́tà tó ní ojú ni wàhálà wa. A ní ojú, D ní ojú, O ní ojú, B tiẹ̀ ní méjì, òun ló ń ṣe bíi pé ó rí ju gbogbo ayé lọ. Bí o bá gé D yípo láìfi nǹkan kan sílẹ̀, àárín rẹ̀ á já bọ́ sílẹ̀, ihò lásán ló máa kù lọ́wọ́ rẹ. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ láti di ojú náà mú. Afárá ni mò ń pè é. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà wa fi máa ń ní àlàfo lára, bí ohun tí wọ́n gé sí méjì tí wọn ò jẹ́ kó pínyà. Àwọn oníbàárà kan máa ń ní kí n fi búrọ́ọ̀ṣì dí àlàfo náà, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ lẹ́tà tí kò ní àlàfo, kó lọ bá àwọn oníkọ̀ǹpútà tó ń tẹ sítíkà. Mo lẹ́nu, ẹ má bínú.

Àlájà kan wà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, ó ń kó ẹrù láti pọ́ọ̀tù lọ sí ìhà àríwá. Òun ló gbé ọkọ̀ ńlá rẹ̀ méjèèjì wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fẹ́ kí n kọ ÀDÚRÀ ÌYÁ KÌ Í GBÉ sí pátákó tó wà lókè orí ọkọ̀, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn á ti kọ́kọ́ bà. Mo wo pátákó, mo wo gbólóhùn.

Mo ní, “Àlájà, ọ̀rọ̀ yín gùn ju ọkọ̀ yín lọ.”

Ó ní, “Fún un pọ̀ nígbà náà. Mo fẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá ti máa kà á láti òkèèrè kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kó ga, kó dúdú, kó sanra.”

Kó há, kó sì sanra. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi dùn, torí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lọ. Lẹ́tà gíga tóóró tí egungun rẹ̀ nípọn, tí gbogbo wọn fara ti ara wọn bí èrò inú bọ́ọ̀sì, tí ẹnikẹ́ni ò lè na apá. Ewu rẹ̀ ni pé bí lẹ́tà bá ti há tó bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á di tóóró bí ẹnu kóló, afárá rẹ̀ á sì tín-ín-rín débi pé afẹ́fẹ́ lásán lè já a. Mi ò fi àmì ohùn kankan sí i. Nígbà tí Àlájà béèrè ìdí, mo ní ọkọ̀ ń sáré, àmì á já bọ́ sójú ọ̀nà. Ọ̀dà dúdú lórí pátákó pupa rúsúrúsú ni mo kọ ọ́, ó sì dára. Bí ẹ bá dúró ní ìkòríta, ẹ ó kà á kí ẹ tó gbọ́ ìró ọkọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń wa ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjì náà. Òun ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Ẹni tó ń wa èkejì jẹ́ ayálégbé wa, ọmọ Nàgó láti ìhà Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ṣáájú wa dé ayé dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ilé ń pè é. Òun ló kọ́ àbúrò mi ní ọkọ̀ ńlá wíwà, òun ló sì bá a bẹ Àlájà títí tó fi gbà á síṣẹ́. Yàrá òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kékeré kọjú sí yàrá ìyá mi. Ìyàwó náà ń ta àkàsà, irú ẹ̀kọ kan, lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ìkòkò rẹ̀ ń gbé ní ìdáná ìyá mi, ọmọ rẹ̀ sì ń sùn níbi tí oorun bá ti gbé e, ì báà jẹ́ lórí ẹní wa. Bí àjèjì bá wọlé, kò lè mọ ẹni tó ni ilé àti ẹni tó háyà rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbéra ni ẹ̀rù mi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà àríwá gùn, ó ní òkè, ó sì ní àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí bíréèkì kì í fẹ́ gbọ́ ti awakọ̀ mọ́. Mo máa ń pe àbúrò mi kí ó tó jáde kúrò nílùú, n ó tún pè é bí wọ́n bá ti rìn díẹ̀, n ó tún wá ohun mìíràn tí mo gbàgbé láti sọ.

Ó máa ń ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ n ráyè wa ọkọ̀ o. Níbi tí n ó ti máa dá yín lóhùn gan-an ni mo máa já sí kòtò.”

Èmi á ní kí ó lọ fi omi fọ ẹnu rẹ̀. Òun á máa rẹ́rìn-ín. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín Ẹ̀gbọ́n náà nígbà mìíràn, bí wọ́n bá jọ dúró níbì kan láti jẹun, á ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Táńtì,” bí àwọn ará ibí ti ń pe Àǹtí, “ọmọ yín ń wakọ̀ bí àgbàlagbà.” Ọkàn mi kì í balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń dúpẹ́ pé ó wà pẹ̀lú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà láti ìdájí. Ní àárọ̀, Ẹ̀gbọ́n ti pe ìyàwó rẹ̀. Ó ní táyà òun kan bẹ́ nítòsí Atakpamé, òun wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá òun lẹ̀ ẹ́, òun sì ti ní kí àbúrò mi máa lọ níwájú kí ẹrù Àlájà má baà pẹ́ jù. Ìyàwó náà sọ fún wa níbi tí ó ti ń pọ́n àkàsà sínú ewé. A ní kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ọ̀sán ni fọ́tò náà dé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, mo wá sílé láti jẹun. Ìyá mi ò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà torí orúnkún ń dùn ún, ó jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá, ó ń ṣa ẹ̀wà. Fóònù mi dún, ó tún dún. Ẹ ti mọ̀ bí àyà mi ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló fi ránṣẹ́, láti inú wasáàpù àwọn awakọ̀. Fọ́tò kan ni, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Táńtì, ṣé kì í ṣe lẹ́tà yín nìyí?”

Ọkọ̀ ńlá kan ló dùbúlẹ̀ nínú kòtò nísàlẹ̀ òkè. Iná ti jẹ ẹ́ tán, èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúró sí òkèèrè, ọ̀kan nínú wọn ká ọwọ́ lérí. Ọkọ̀ náà ò ní àwọ̀ mọ́, kò ní nọ́ńbà tó ṣe é kà, iwájú rẹ̀ ti wọlé sínú ara rẹ̀. Pátákó òkè orí rẹ̀ nìkan ló já sọ́tọ̀ sínú koríko. Ó ti jó ju ìlàjì lọ. Lórí èyí tó kù, lẹ́tà mẹ́ta ṣì dúró, gíga, tóóró, dúdú. ADU. Ìyókù ti di èédú.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Mo pe àbúrò mi. Obìnrin inú fóònù fi Faransé sọ fún mi pé ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo tún pè é, obìnrin náà tún sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn kan náà, bí ẹni pé ó dùn ún sọ. Mo pe Ẹ̀gbọ́n, òun náà ò lọ. Mo pe Àlájà. Igbe ló kọ́kọ́ dé sí mi létí.

Ó ní, “Mo ti rí i. Mò ń pè wọ́n láti ìgbà náà, kò lọ. Rezó fóònù kì í sí lápá òkè yẹn, lẹ́yìn Atakpamé. Ọmọ mi, mi ò mọ̀. Mi ò mọ èyí tó jẹ́.”

Ìyá mi ti gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ń wo ojú mi. Kò sí bí mo ṣe lè pa irọ́ fún obìnrin yẹn, ojú mi ti máa ń sọ tẹnu mi kí n tó sọ ọ́. Mo fún un ní fóònù. Ó wò ó, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

“Ọkọ̀ ta ni?” ó béèrè.

Gbogbo wa ló ti mọ ìdáhùn. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Ẹni tó wà níwájú ni ọmọ ìyá mi. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó ní, “Àbíkẹ́yìn mi. Ẹ gbà mí, àbíkẹ́yìn mi.” Ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ọmọdé.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ti sáré wọlé láti ẹnu ọ̀nà, àkàsà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo fọ́tò náà, ó pariwo, ó ju àkàsà sílẹ̀, ó sì lọ di ìyá mi mú. Ó bá a so ìró rẹ̀ tó ti tú. Ó gbé orí rẹ̀ lé èjìká ara rẹ̀. Ó ń sọ pé, “Doucement, Ìyá, ẹ rọra. Ẹ má sunkún ẹni tí a ò tíì mọ̀ bóyá ó kú. Kámíọ̀n ló jó, ọkọ̀ lásán. Ènìyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀. Ọlọ́run á kó o yọ. Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á bá a níbẹ̀, wọn ò ní fi í sílẹ̀.” Bí ó ti ń sọ ọ́ ló ń fi ọwọ́ pa ìyá mi lẹ́yìn, bí a ṣe ń pa ọmọ tó fẹ́ gùnfẹ̀. Mo wò ó, mo sì dúpẹ́ nínú mi pé ẹnì kan wà tó lè sọ̀rọ̀, torí èmi ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti kékeré máa ń sáré kiri nínú mi ni, bí adìyẹ tó wọ yàrá. Eléyìí ò sáré. Ó jókòó sí mi láyà, kò sì mira. Mò ń ronú nípa ìgbà tí a jọ wà ní kékeré tí mo máa ń gbé e pọ̀n, mò ń ronú nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn tí kì í gba abẹ́ tábìlì. Mo bẹ Ọlọ́run. Mo bẹ̀ Ẹ́ pé kó jẹ́ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe wí i, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi gbé orí kúrò léjìká ìyàwó náà. Ó nawọ́ fóònù sí mi.

“Ìwọ lo kọ ọ́,” ó wí. “Wò ó dáadáa.”

“Ìyá, lẹ́tà kan náà ló wà lórí méjèèjì. Bákan náà ni wọ́n rí.”

“Bí ìbejì bá jọra tó, ìyá wọn mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìwọ lo bí lẹ́tà yìí. Wò ó.”

Bí ó ti sọ ọ́ báyìí ni mo rántí pé kì í ṣe òótọ́ pé bákan náà ni wọ́n rí. Fíìmù kan ṣoṣo ni mo gé fún ọkọ̀ méjèèjì. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ jáde dáadáa, kò ní àbùkù kankan. Ìgbà tí mo ń ká fíìmù náà kúrò lára rẹ̀ ni atẹ́gùn òkun gbá a mọ́ mi lọ́wọ́, afárá ìsàlẹ̀ D sì já. Mo fi sẹlotépù lẹ̀ ẹ́ padà, ṣùgbọ́n ojú D náà ò gún mọ́, ó fì sápá òsì díẹ̀, bí orí ẹni tó ń tòògbé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi kọ ọkọ̀ kejì. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ pa á rẹ́ kí n tún un kọ, Àlájà ló ní ọlọ́pàá wo ni yóò máa wo ojú D. Kò sí ẹlòmíràn tó tiẹ̀ rí i. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọkọ̀ kan nínú méjèèjì ní D tó ń tòògbé.

D sì wà nínú fọ́tò náà. Iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mi ò fẹ́ wò ó. Mo da ojú fóònù náà bolẹ̀ lórí itan mi. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá tíì wò ó, àbúrò mi ṣì wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ni orí mi ṣe ń sọ fún mi. Ìyá mi kàn ń wò mí. Mo gbé e sókè, mo fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà, fọ́tò sì ń sá lọ sápá koríko, sápá èéfín, sápá ọkùnrin tó káwọ́ lérí. Mo fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi. Mo tún fẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà náà dé, ó kún ojú fóònù. Afárá òkè dúró. Afárá ìsàlẹ̀ dúró. Ojú rẹ̀ gún láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ta ni mo kọ́kọ́ kọ? Mo wá a nínú orí mi, mi ò rí i. Mo rántí oòrùn tó mú lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé àwọn méjèèjì dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, tí mo sì jágbe mọ́ wọn pé ọ̀dà mi ń gbẹ. Mo rántí pé ọkọ̀ àbúrò mi ló súnmọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù jù. Bí òun ló súnmọ́ jù, tirẹ̀ ni n bá kọ́kọ́ kọ. Mo gbìyànjú láti rántí bí iyàn náà ṣe parí, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n rántí.

Mo gbé orí sókè. Mo ní, “Lọ́jọ́ tí mo kọ àwọn ọkọ̀ náà, ti ta ni mo kọ́kọ́ kọ?”

Ìyá mi ò mọ̀, kò sí níbẹ̀. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ló dáhùn, ó sì dáhùn kíákíá, bí ẹni tó rí ohun tó lè fi ràn wá lọ́wọ́.

“Tiwa ni, Táńtì. Ẹ ti gbàgbé? Èmi ni mo gbé omi tútù wá fún yín. Ọkọ mi ní kí ẹ kọ ti àbúrò yín ná, pé ọmọ náà ló fẹ́ lọ gbé ẹrù ní pọ́ọ̀tù. Àbúrò yín bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sétí títì, gbogbo ayé ń wò ó. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí wọ́n kọ tòun ṣáájú ti ẹ̀gbọ́n òun láéláé. Ẹ̀yin fúnra yín ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi sọ ọ́ nílé títí, wọ́n ní ọmọ tó mọ ìwà ni.”

Gbogbo rẹ̀ padà wá sójú mi. Iyanrìn lára ṣẹ́ẹ̀tì àbúrò mi nígbà tó dìde. Mo fò sókè.

“Kì í ṣe tiwa! Ìyá, kì í ṣe tiwa! Kì í ṣe ọkọ̀ ẹ̀ ló jó!”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Mo fi Kùránì búra. Kì í ṣe tiwa!”

Ìyá mi wólẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ àgbàlá, ó ń ṣe alihamudulilahi lémọ́lémọ́. Mò ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Mi ò tíì ní irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, n kò sì fẹ́ irú rẹ̀ mọ́.

A ò tíì mọ̀ nígbà náà ohun tí àbúrò mi sọ fún wa lẹ́yìn. Ó dúró de Ẹ̀gbọ́n létí ọ̀nà lẹ́yìn Atakpamé títí tí wọ́n fi lẹ táyà rẹ̀ tán tó fi bá a. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó máa ṣáájú lọ. Ó kọ̀, ó ní òun kì í wakọ̀ níwájú àgbà.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n fa ìyá mi dìde. Ó fi etí ìró ara rẹ̀ nu iyanrìn kúrò níwájú orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, pẹ̀lú ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ kú ewu. Ewu iná kì í pa àwòdì. Ẹ kú oríire o.”

Ìyá mi kì í jẹ́ kí ìkíni bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó tiẹ̀ ń ṣàìsàn, á dáhùn. Ó la ẹnu láti dá a lóhùn, kò sí ohun tó jáde. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Ọkọ̀ méjì péré ni Àlájà ní.

Ìyàwó náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí ìdáhùn. Ó wo ojú ìyá mi, ó wo ojú mi, ó tún padà sí ti ìyá mi. Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán.

“Táńtì,” ó wí. “Ẹ fi hàn mí.”

“Fọ́tò náà ò mọ́lẹ̀ dáadáa,” ni mo sọ, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Kùránì búra.

“Ẹ fi ibi tí ẹ wò hàn mí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi ìka hàn án. Mo sọ fún un pé èyí tí mo kọ lẹ́yìn, ojú D rẹ̀ fì sápá òsì. Mi ò sọ nǹkan kan nípa èyí tí mo kọ́kọ́ kọ. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó wò ó títí tí iná ojú fóònù fi fẹ́ kú, ó fi àtàǹpàkò kàn án kó má baà kú, ó tún wò ó.

“Ó gún,” ó wí.

Mo ní, “Ó gún, ìyàwó wa.”